Ta Ni A Fi Ń Rẹ́rìn-ín? Àyẹ̀wò Eré Ojú Títì Tí Ó Ń Kìlọ̀ nípa Òwò Nàbì

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni eré tí a ń ṣe ní ojú títì, ní ọjà àti ní ibùdókọ̀, láti la àwùjọ lójú sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí a ń kó lọ sí ìlú òkèèrè láti fi wọ́n ṣòwò nàbì. Púpọ̀ nínú wa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni ó gbà pé iṣẹ́ ìjọba tàbí ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni irú eré bẹ́ẹ̀, pé kò kan lítíréṣọ̀. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Eré náà ní ìtàn, ó ní ẹ̀dá ìtàn, ó ní ìlò èdè, ó sì ní òǹwòran. Iṣẹ́ tí ó bá ní gbogbo èyí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ lámèyítọ́ nítorí pé ohun tí ó ń sọ dára.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, IOM, sọ ní ọdún 2017 pé àwọn obìnrin Nàìjíríà tí ó gba ojú òkun dé Ítálì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500 ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n pé wọ́n ti lé ní 11,000 ní ọdún 2016. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ ẹni tí a fẹ́ fi ṣòwò nàbì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, òkú ọmọbìnrin 26 ni ọkọ̀ ojú omi kan gbé dé ìlú Salerno ní Ítálì; ọmọ Nàìjíríà ni a gbà pé wọ́n jẹ́, ọ̀dọ́ sì ni wọ́n. Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni a sábà máa ń dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa náà ni a ti ń mú ọmọ lọ sí Líbíà, sí Málì àti sí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánọ́nì gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sí orí Facebook pé òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ti jókòó rí ní kíláàsì ọ̀kan nínú wa.

2. Orúkọ tí a fi ń pe ọ̀rọ̀ náà

Kí a tó wo eré, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ni eré fi ń rìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń wá sí ẹnu wa. Èkíní ni *gbọ́mọgbọ́mọ*. Àpètúnpè ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara *gbé ọmọ*, bí a ti ṣẹ̀dá *jagunjagun* àti *panápaná*. Àwòrán tí ó gbé sí wa lọ́kàn ni ti ẹni tí ó fi ipá já ọmọ gbà, tí ó sì sá wọ igbó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti òwò yìí. Ìyá ni ó sábà máa ń dì í lẹ́rù, bàbá ni ó ń súre, ẹni tí ó sì ń mú un lọ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò tàbí ọmọ ìjọ. Bí eré bá ń pariwo gbọ́mọgbọ́mọ, ẹni tí ó ń wò ó yóò máa ṣọ́ àjèjì. Kò ní ṣọ́ ẹni tí ó jókòó tì í.

Èkejì ni *aṣẹ́wó*. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* ti sọ obìnrin náà di olùṣe. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí. Ẹni tí ó rán an, ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọkùnrin tí ó san owó náà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹta ni *òwò ẹrú*, tí ó sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ọkàn òǹwòran lọ sí ayé àtijọ́ tí ó ti kọjá.

Ìwé àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, tí a mọ̀ mọ́ ìlú Palermo, pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a ṣe sí ènìyàn, bí a ṣe rí i ṣe, àti ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é. Ó sọ pé bí a bá fi ẹ̀tàn tàbí ipá mú ènìyàn, pé ó gbà láti lọ kò dá ẹni tí ó mú un lọ láre. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni, kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá rí ẹ̀tàn kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tí ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2003, àti òfin ọdún 2015 tí ó rọ́pò rẹ̀, wà ní ìbámu pẹ̀lú èrò yìí.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tọ́ka sí ọkàn ọ̀rọ̀ náà ni *ìwọ̀fà*. Gbèsè ni a fi ń de àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà àtijọ́ mọ iye tí a yá, ẹni tí ó yá owó náà hàn, àwọn ará ilé rẹ̀ sì mọ oko tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí a wí yìí di ìwọ̀fà fún gbèsè tí kò jẹ, tí kò mọ iye rẹ̀, ní ilé tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ̀ kò mọ̀. Bí òṣèré bá lè fi èyí han ará ọjà, yóò yé wọn ju ìwàásù lọ.

3. Ohun tí a jogún nínú ìdán

Eré ìta gbangba kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, a ṣeré eégún aláré fún un ní iwájú Aláàfin. Ó rí àwọn òṣèré tí ó wọ inú àpò, ó rí ìdán ejò ńlá, ó sì rí ìdán òyìnbó, níbi tí òṣèré kan ti sín òyìnbó jẹ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wo àlejò náà bóyá yóò dá ara rẹ̀ mọ̀. Ibi tí agbára eré náà wà nìyẹn: ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ jókòó láàrin òǹwòran. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ọ̀kọrin ti ń tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ ní òru, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè mú un, nítorí ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yin ohun ìní wa kọjá bí ó ti yẹ. Nínú àwọn ìdán tí a máa ń kà fún akẹ́kọ̀ọ́, Páńṣágà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀mùtí àti Dìndìnrìn. Ọkùnrin ni ó ń gbé e. Yóò kun ojú, yóò ju ìdí, agbo yóò sì dà rú fún ẹ̀rín. Ta ni a fi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Obìnrin náà ni. Ọkùnrin tí ó ń lé e kiri kì í ní ìdán tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣèré bá gbé ọmọbìnrin tí a tàn lọ sí òkè òkun wọ agbo, tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ Páńṣágà, òǹwòran kò nílò kí a kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí àgbo ti kọ́ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ìkìlọ̀ tí òṣèré sọ ní ìparí kò lè pa ẹ̀rín náà rẹ́. Àléébù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú irú eré yìí nìyí, a kì í sì í sábà rí i, nítorí pé àgbo tí ó bá ń rẹ́rìn-ín máa ń dà bí àgbo tí eré ń yé.

4. Ẹ̀rín tí ó dákẹ́ ní Amsterdam

Ẹ jẹ́ kí a gbé eré kan láti òkèèrè yẹ̀ wò. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Stop the Traffik ṣe eré kan ní àdúgbò tí àwọn obìnrin ti ń jókòó sí ojú fèrèsé dúró de oníbàárà ní ìlú Amsterdam. Lójijì, àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó tí a ti fi kọ́ra dáadáa. Àwọn ọkùnrin tí ó ń kọjá dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Nígbà tí ijó parí, ọ̀rọ̀ kan hàn ní òkè ilé náà pé lọ́dọọdún ni a ń ṣe ìlérí iṣẹ́ ijó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, ṣùgbọ́n pé ibí yìí ni wọ́n ń bá ara wọn. Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

Kò sí ìwàásù nínú eré náà. Ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ rí i fúnra rẹ̀ pé òun náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ní ti èyí, eré Amsterdam àti ìdán òyìnbó ti ọdún 1826 jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: a tan ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wọ inú ẹ̀rín, a sì dá ẹ̀rín náà padà sí i lára. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ pé kí a gbé ijó fèrèsé yẹn wá sí ọ̀dọ̀ wa bí ó ti wà. Ẹni tí ó dúró ní Amsterdam ni ẹni tí ó ń ra ọjà. Ẹni tí ó dúró ní ọ̀dọ̀ wa ni ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ àti ẹni tí ó ń ṣe alárinà. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn yàtọ̀, ẹ̀rín tí yóò mú wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí òṣèré kò bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni òǹwòran òun, ọgbọ́n rẹ̀ yóò ta sófo.

5. Ààfin Ìbíní, ọdún 2018

Eré kọ́ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ààfin Ìbíní ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2018, ṣùgbọ́n ìṣe ìta gbangba ni, a sì lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré lára rẹ̀. Ọba Èwúarè Kejì pe àwọn olóyè àti àwọn babaláwo jọ. Ó tú gbogbo ìbúra tí a ti fi de àwọn ọmọ tí a kó lọ, ó sì gégùn-ún fún àwọn tí ó bá tún mú ọmọ búra. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbúra ni ẹ̀wọ̀n tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè sá tàbí kí wọ́n sọ òtítọ́ fún agbófinró: wọ́n gbà pé ikú tàbí wèrè ni yóò bá àwọn bí àwọn kò bá san gbèsè náà tán.

Ọba náà kò sọ pé irọ́ ni ìbúra. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ ni a fi dè é, ọ̀rọ̀ tí ó ga ju ìyẹn lọ ni a fi tú u, láti ẹnu ẹni tí ó ní àṣẹ, ní ojú gbogbo ayé. Àwa tí a ń kọ́ni ní ọfọ̀, àyájọ́ àti èpè mọ̀ pé ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde wà lára agbára ọ̀rọ̀ náà. Òṣèré kò ní àṣẹ ọba, kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ó ní i. Ohun tí ó lè kọ́ níbẹ̀ ni láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti inú ohun tí ó gbàgbọ́. Eré tí ó bá fi ìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó tó kìlọ̀ fún wọn ti lé wọn kúrò ní agbo.

6. Obìnrin nínú ẹ̀kú: ìgboro Èkó

Ní ọdún 2013, Wura-Natasha Ogunji àti àwọn obìnrin mìíràn fi ẹ̀kú bojú, wọ́n sì rìn ní ìgboro Èkó, wọ́n ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì omi tí a so mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbéèrè ni àkọlé iṣẹ́ náà: ṣé òun yóò ṣì máa pọn omi nígbà tí òun bá di òkú obìnrin? Iṣẹ́ náà kò sọ̀rọ̀ nípa òwò nàbì, ṣùgbọ́n ó wúlò fún àríyànjiyàn wa. Àṣà kì í gba obìnrin láyè láti gbé eégún. Ogunji mú obìnrin wọ inú ẹ̀kú, ó sì mú ẹrù tí a kì í rí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rù ú, wá sí ojú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó lè fi í ṣe Páńṣágà, nítorí ojú rẹ̀ kò hàn, ìdí rẹ̀ kò jó. Ẹrù rẹ̀ nìkan ni a ń wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi eré sọ̀rọ̀ gbèsè lè kọ́ púpọ̀ nínú èyí.

Jelili Atiku náà ń lo àṣà eégún ní ojú títì. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, lẹ́yìn iṣẹ́ kan tí ó ṣe ní Èjìgbò ní Èkó, àwọn ọlọ́pàá mú un. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúnǹdé nítorí *Yorùbá Ronú*. A rán ara wa létí èyí kí a lè mọ̀ pé ààbò ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ kò dé ojú títì òde òní. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti ṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá olórí àdúgbò, òbí àti aláṣẹ ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú eré.

7. Bí a bá dúró ní oríta Sekona

A mú Sekona ní agbègbè Ede gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, níbi tí ọ̀nà Ifẹ̀ ti pàdé ọ̀nà tí ó lọ sí Ede. Ilẹ̀ eré ni gbogbo agbègbè náà. Ní Ede ni Tìmì Láoyè Kìíní ti jọba láti ọdún 1946 sí ọdún 1975, ọba tí ó mọ ìlù lù tí ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́ ìlù. Ní Òṣogbo tí kò jìnnà ni Dúró Ládiípọ̀ ti gbé *Ọba Kò So* jáde, tí ìtàn Tìmì sì wà nínú rẹ̀. Ní Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn òṣèré yunifásítì gbé eré kéékèèké jáde sí ìta gbangba láti fi bá àwọn olóṣèlú wí.

Àbá ni a ń dá yìí. A kò sọ pé a ti ṣe é. Kí dùndún bẹ̀rẹ̀, kí a júbà, kí agbo pé. Kí ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọlé má ṣe jẹ́ ọmọbìnrin náà. Kí ó jẹ́ bàbá kan tí ó ń ka iye yàrá tí yóò wà nínú ilé tí ọmọ rẹ̀ yóò fi owó òkè òkun kọ́ fún un. Kí agbo fi í rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀gbọ́n tí ó ti òkè òkun dé wọlé pẹ̀lú ìwé gbèsè. Kí ó máa ka gbèsè: owó ọkọ̀, owó aṣọ, owó yàrá, owó oúnjẹ. Kí agbo máa bá a gbe orin ìṣírò náà, kí a sì máa gbé òkúta kan lé orí ọmọbìnrin fún ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá kà. Àwọn tí ó ń gbe orin ni ó ń di ẹrù rù ú. Nígbà tí òkúta kò bá ṣeé rù mọ́, kí ìlù dá.

Augusto Boal, ará Bràsíìlì, dá irú eré kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, níbi tí òǹwòran ti lè dá eré dúró, kí ó wọ agbo, kí ó sì ṣe ohun tí ó rò pé ó yẹ kí ẹ̀dá ìtàn náà ṣe. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa, nítorí òǹwòran eégún aláré kì í jókòó bí òkúta. Kí a bi agbo Sekona pé: ibo ni ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀? Ta ni *agbódegbà* nínú eré yìí? Ọ̀rọ̀ yẹn ni a ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí agbo sì tó tú, kí a sọ ibi tí ènìyàn lè lọ fi ẹjọ́ sùn, nítorí eré tí ó dá ẹ̀rù bani láìfi ọ̀nà hàn kò ṣe tó.

8. Iṣẹ́ olùkọ́ àti olùdánwò

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá jù lọ nìyí. Nígbà tí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ nínú eré bí èyí, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọbìnrin má ṣe ojúkòkòrò. Àwa náà máa ń fún un ní máàkì. A kò bi í pé ojúkòkòrò ta ni. Ọmọ ọdún 16 tí a sọ fún pé yóò lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, tí bàbá rẹ̀ sì súre fún un, kò ṣe ojúkòkòrò. Ó gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu ni. Bí a bá ń fi máàkì san ìdáhùn yẹn, à ń kọ́ ọmọ láti dá ẹni tí a ṣẹ̀ lẹ́bi. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ti padà wá sílé, tí ó jókòó nínú kíláàsì náà, kò ní la ẹnu rẹ̀ mọ́.

A dámọ̀ràn pé kí a dín irú ìbéèrè tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ìdán mẹ́rin kù, kí a sì máa béèrè pé ta ni ìdán kan fi ń ṣẹ̀fẹ̀, àti pé kí ni òǹwòran jèrè nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Kí a jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi *gbọ́mọgbọ́mọ*, *aṣẹ́wó* àti *agbódegbà* wéra, láti sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀bi sí lára. Ìbéèrè ìlò èdè ni, ìbéèrè lítíréṣọ̀ sì ni pẹ̀lú. Kí olùkọ́ má ṣe ní kí ọmọ kankan sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba nítorí eré.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé eré ojú títì lórí òwò nàbì kò dára nítorí pé ohun tí ó ń kìlọ̀ rẹ̀ burú nìkan. Ó dára bí ó bá mọ òǹwòran rẹ̀, bí ó bá fi ẹ̀rín sí ibi tí ẹ̀bi wà, tí ó sì fi ọ̀nà han àwọn tí ó ń lọ sílé. Ìdán Páńṣágà ti kọ́ wa ní ẹ̀rín kan, ìdán òyìnbó sì ti kọ́ wa ní òmíràn. Ọwọ́ wa ni yíyàn wà. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Eré tí kò bá lè wọ inú ilé dé ibi tí ikú yẹn jókòó sí, àti ìdánwò tí kò bá lè béèrè orúkọ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún wọn ṣe.